Omi, iná àti ìgbọ̀nsẹ̀: bá a ṣe ń gbé inú motorhome káàkiri Yúróòpù

Ẹni tó bá dàgbà ní Mushin tàbí Ìbàdàn nígbà tí omi ẹ̀rọ ò kì í wá, tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ààbọ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì wẹ̀ kí ara mọ́, tó mọ̀ pé kéèyàn tó tan áyọ́ọ̀nù ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pa fríìjì torí jẹnẹrétọ̀ kékeré ò lè gbé méjèèjì, onítọ̀hún ti mọ ìdajì ohun tí mo fẹ́ kọ yìí. Ìdajì tó kù ni òfin òyìnbó, ìyẹn ló sì máa ń gbowó lọ́wọ́ èèyàn.

Motorhome ni ọkọ̀ tó ní bẹ́ẹ̀dì, kíṣìnì, tọ́lẹ́ẹ̀tì àti ibi ìwẹ̀ nínú. Àlòkù ni tiwa, èmi àti ọkọ mi rà á ní Kent níbi tí à ń gbé, ó gùn díẹ̀ ju mítà 6 lọ, ó ga ní mítà 2.9. Tá a bá ti dé, ohun tí gbogbo èèyàn máa ń bi wá ni pé òkun wo lẹ lọ, ìlú wo lẹ rí. Kò sẹ́ni tó ń béèrè pé níbo lẹ da ìgbọ̀nsẹ̀ sí. Bẹ́ẹ̀ ìyẹn gan-an ló ń pinnu ibi tá a máa sùn, torí tó bá di ọjọ́ kẹta, ìlú náà ì báà dùn bí oyin, táǹkì omi mímọ́ á ti máa gbẹ, ti omi ìdọ̀tí á ti kún, tọ́lẹ́ẹ̀tì á sì ti máa wo yín lójú.

Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé

Ẹ kọ́kọ́ yọ láísẹ́ǹsì yín wò. Láísẹ́ǹsì mọ́tò lásán, èyí tí wọ́n kọ B sí, kò gbé yín kọjá ọkọ̀ tó jẹ́ 3,500 kílò. Àwọn àgbà tó yege ìdánwò wọn ní UK ṣáájú oṣù kìíní ọdún 1997 ni wọ́n sábà máa ń ní C1 tó gbé wọn dé 7,500. Ẹ má sì rò pé 3,500 yẹn jẹ́ ti ọkọ̀ nìkan o, gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ ló pọ̀ mọ́ ọn, ẹ̀yin fúnra yín, dísẹ̀lì, gáàsì, bàtà, àpò gàrí, omi. Lítà omi kan, kílò kan ni, torí náà táǹkì omi lítà 100 tó kún dẹ́nu, bí ẹni gbé ọkùnrin àgbà kan tó sanra sẹ́yìn ọkọ̀ ni.

Ẹ gbé ọkọ̀ lọ sórí òṣùwọ̀n lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti di ẹrù tán, kì í ṣe kẹ́ ẹ tó dì í. Èmi ò mọ ìyẹn nígbà àkọ́kọ́. A gbé e dé ibi ìwọ̀n, ló bá di 3,590, ẹ̀rù bà mí, torí ọlọ́pàá lè dá yín dúró ní Faransé tàbí Jámánì kí wọ́n gba owó ìtanràn lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n tún ní kẹ́ ẹ já ẹrù sílẹ̀ níbẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ẹrù. Nígbà tá a dé ìsàlẹ̀ àpótí ẹ̀yìn, kí ni mo rí? Odó. Odó igi pẹ̀lú ọmọ odó, ọkọ mi ti fi aṣọ ìnura wé e. Mo ní "Dádì, kí lèyí?" Ó ní òun ò lè fi oṣù méjì jẹ poundo. Odó padà sílé, a tún yọ àga méjì àti ìdajì omi, ó wá bọ́ sábẹ́ 3,500. Láti ọjọ́ yẹn, omi díẹ̀ la máa ń gbé rìn, ìdá kan nínú mẹ́rin táǹkì, a ó wá kún un nígbà tá a bá ti sún mọ́ ibi tá a máa sùn.

Ti ìwé ìrìnnà. Tó bá jẹ́ pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà lẹ ní, ẹ̀tọ́ ìgbé UK kò mú yín wọ Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí wọ́n jọ ń lo ibodè kan náà, ẹ máa gba fìsà, orílẹ̀-èdè tẹ́ ẹ máa pẹ́ sí jù lẹ sì máa tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ wọn, pẹ̀lú ínṣọ́ránsì ìlera tó tó 30,000 yúrò ó kéré tán. Tó bá jẹ́ pásípọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì, kò sí fìsà, àmọ́ ọjọ́ 90 péré nínú ọjọ́ 180 ni. Àwọn èèyàn máa ń ṣi ìṣirò yìí ṣe gan-an: wọ́n rò pé tọ́dún bá yí, ó di òdo. Rárá. Lójoojúmọ́ tẹ́ ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ ka ọjọ́ 180 sẹ́yìn, kẹ́ ẹ wo iye ọjọ́ tẹ́ ẹ ti lò nínú ẹ̀. Kò sì yàtọ̀ bóyá Faransé lẹ wà tàbí Pọ́túgàl tàbí Sweden, àpò kan náà ni gbogbo ẹ̀. Láti oṣù kẹwàá 2025 wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìka ọwọ́ àti àwòrán ojú lẹ́nu ibodè, kọ̀ǹpútà ló ń ka ọjọ́ báyìí, kò sí pé sítáǹpù ò hàn dáadáa.

Ẹ pe ilé iṣẹ́ ínṣọ́ránsì yín, kẹ́ ẹ sọ gígùn, gíga àti ìwọ̀n ọkọ̀ fún wọn, torí ọkọ̀ tó máa wọ́ mọ́tò kékeré kò lè wọ́ tiyín tó bá kú sójú ọ̀nà. Ẹ lẹ àmì UK mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, GB àtijọ́ ò ṣiṣẹ́ mọ́ láti oṣù kẹsàn-án 2021. Ẹ̀wù tó ń tàn yòò, ti gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀, kó wà nítòsí ọwọ́, kó má ṣe wà nínú àpótí ẹ̀yìn, torí ẹ gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó sọ̀ kalẹ̀ lójú títì.

Ẹran àti wàrà kò gbọdọ̀ bá yín wọ Yúróòpù láti UK. Ẹ má ṣe fi pọ̀nmọ́ pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ jọ̀ọ́.

Lójú títì, ìyàwó di kọndọ́ọ̀tọ̀

Ọkọ̀ ojú irin abẹ́ òkun láti Folkestone dé Calais kò ju ìṣẹ́jú 35 lọ, ẹ̀ ń jókòó nínú ọkọ̀ yín ni. Wọ́n máa béèrè bóyá gáàsì wà, wọ́n á ní kẹ́ ẹ pa á. Ẹ pa á lẹ́nu sílíńdà gan-an. Tó bá jẹ́ gáàsì yẹn ni ẹ́ńjìnì yín fi ń ṣiṣẹ́, wọn ò ní gbà yín, ẹ lọ wọ ọkọ̀ ojú omi ní Dover.

Tẹ́ ẹ bá ti sọ̀, ọwọ́ ọ̀tún lẹ̀ ń wà o. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún UK, ọ̀tún ni sítíárì wà, ẹni tó ń wà á kò ní rí mọ́tò tó ń bọ̀ níwájú tó bá fẹ́ yà kọjá ọkọ̀ míì, ẹni tó jókòó ní òsì ló máa wò ó fún un. Ibi tí wọ́n ti ń gba owó títì ní Faransé náà, òsì ló wà. Torí náà èmi ni mò ń nawọ́ sáfẹ́fẹ́ fi káàdì sanwó, èmi ni mò ń kígbe pé "dúró o, ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, ó ti kọjá, máa lọ!" Danfo Ọjọ́ta gan-an ló kù.

Owó títì ní Faransé, gíga ni wọ́n fi ń wò ó. Ọkọ̀ tó ga ju mítà 2 lọ àmọ́ tí kò tó mítà 3, tí kò sì ju 3,500 kílò lọ, ipò kejì ni. Tó bá ti tó mítà 3 tàbí tó wúwo jù bẹ́ẹ̀, ó di ipò kẹta, owó á gun òkè. Nígbà míì ẹ̀rọ á ṣì yín kà, á pè yín ní ipò kẹta nítorí nǹkan tó wà lórí òrùlé, ẹ tẹ bọ́tìnnì ìrànlọ́wọ́ kẹ́ ẹ sọ pé "classe deux", wọ́n máa ń yí i padà. Jámánì ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ motorhome lórí títì ńlá wọn. Swítsàlándì ń ta àmì ọdún kan ní 40 fránkì fún ọkọ̀ tí kò ju 3,500 kílò lọ, ọjọ́ kan lẹ fẹ́ kọjá o, ọdún kan lẹ fẹ́ lò ó o, iye kan náà ni.

Ẹ kọ gíga ọkọ̀ yín sórí bébà, ní mítà, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ síwájú awakọ̀. Páàkì etíkun púpọ̀ ní Faransé ni wọ́n fi irin dábùú sẹ́nu ẹ̀ ní bíi mítà 2, nítorí àwa gan-an ni wọ́n ṣe gbé e síbẹ̀.

Ibi tẹ́ ẹ máa sùn

Mẹ́ta ni. Àkọ́kọ́ ni ibùdó gidi tó ní iná, balùwẹ̀, tọ́lẹ́ẹ̀tì, ó dùn, ó wọ́n. Ìkejì ni àyè tí ìjọba ìbílẹ̀ tàbí aládàáni yà sọ́tọ̀ fún irú ọkọ̀ wa, Faransé ń pè é ní aire, Jámánì ń pè é ní Stellplatz, Sípéènì ń pè é ní área de autocaravanas. Òmíràn jẹ́ ọ̀fẹ́, púpọ̀ nínú wọn ò ju 8 sí 15 yúrò lọ, omi wà, ibi ìdanù wà. Ìkẹta ni kẹ́ ẹ kàn dúró síbi tó wù yín. Èmi o, ìkejì ni mo fẹ́ràn. Ti Honfleur ní Normandy, ó tóbi, ẹ máa fẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀ dé èbúté àtijọ́ wọn, kò sì sí wàhálà wíwá páàkì láàárín ìlú. Lẹ́bàá odò Mosel ní Jámánì, abúlé tí wọ́n ti ń ṣe wáìnì lọ́tùn-ún lósì, Stellplatz wà létí omi gan-an, ẹ máa jí, ẹ máa rí ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kọjá lórí odò níwájú fèrèsé. Faransé tún ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní France Passion, ẹ máa san owó ọmọ ẹgbẹ́ ọdún kan, àwọn àgbẹ̀ á jẹ́ kẹ́ ẹ sun inú oko wọn lóru kan lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ kí wọn tẹ́ ẹ bá dé, kì í ṣe dandan kẹ́ ẹ ra nǹkan àmọ́ ojú á tì yín tẹ́ ẹ ò bá rà.

Park4Night la fi ń wá gbogbo wọn lórí fóònù. Ẹ ka ohun tí àwọn tó sùn síbẹ̀ lóṣù tó kọjá sọ, kì í ṣe ti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn.

Ti ìdúró-síbi-tó-wù-mí yẹn, ẹ fara balẹ̀. Ní Sípéènì, wọ́n ya páàkì sọ́tọ̀ kúrò lára àgọ́ pípa. Tó bá jẹ́ táyà nìkan ló kan ilẹ̀, tẹ́ ẹ ò na àtíbàbà, tẹ́ ẹ ò gbé àga síta, tómi kankan ò sì kán sílẹ̀, páàkì lẹ páàkì, ẹ lè sùn nínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbé tábìlì síta báyìí, ẹ ti pa àgọ́ nìyẹn, ìtanràn ń bọ̀. Pọ́túgàl le sí i: láti 2021, wọn ò gbà kẹ́ ẹ sun etíkun àti inú ilẹ̀ tí wọ́n ń dáàbò bò, níbòmíì wákàtí 48 ni nínú ìjọba ìbílẹ̀ kan. Ẹ má sì sun ibi ìsinmi ẹ̀bá títì ńlá, pàápàá gúúsù Faransé títí wọ Barcelona. Olè pọ̀ níbẹ̀, wọ́n mọ̀ pé owó àti pásípọ́ọ̀tù wà nínú irú ọkọ̀ yìí. Tẹ́nì kan bá sì ń juwọ́ sí yín lójú ọ̀nà pé táyà yín ti jò, ẹ má dúró síbẹ̀, ẹ rọra wà á dé ilé epo tí èrò wà.

Tẹ́ ẹ bá dúró tán, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ tẹ́jú. Fríìjì tó ń lo gáàsì kì í tutù dáadáa tó bá dagun, omi ò ní ṣàn kúrò níbi ìwẹ̀, orí yín á sì máa yọ̀ lórí ìrọ̀rí lóru. Àwọn nǹkan ike bí òkè kékeré méjì wà tí táyà ń gùn, ẹ rà á. Ife omi lórí tábìlì á sọ fún yín bóyá ó ti tẹ́.

Omi

Lítà 100 lè tó èèyàn méjì fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin tẹ́ ẹ bá mọ̀ ọ́n lò, ọmọ òyìnbó tí kò tíì gbé kẹ́ẹ̀gì rí á fi wẹ̀ tán láàárọ̀ ọjọ́ kan. A ò lo ṣáwà. A máa gbé omi kaná, a dà á sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré, a là á, a gbé e síbi ìwẹ̀ pẹ̀lú ike ìbomi. Lítà márùn-ún, gbogbo ara mọ́. Abọ́, ẹ fi bébà nù ún kẹ́ ẹ tó fọ̀ ọ́, epo pupa tó bá wọ táǹkì ìdọ̀tí á máa rùn padà wá gba inú síńkì.

Ẹ ra rọ́bà omi tiyín àti orí rẹ̀ oríṣiríṣi, torí ẹnu ẹ̀rọ ò bára mu. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ: "eau potable" ni omi mímu, "non potable" kì í ṣe, "Kein Trinkwasser" ní Jámánì náà kì í ṣe. Obìnrin ará Jámánì kan dúró níwájú mi nídìí ẹ̀rọ omi lọ́jọ́ kan, ó yọ ike apakòkòrò kékeré láti àpò, ó fọ́n ọn sẹ́nu ẹ̀rọ, ó fi bébà nù ún yíká, ó ṣí omi kó ṣàn sílẹ̀ díẹ̀, kó tó wá so rọ́bà ẹ̀. Mo rò pé àṣejù ni. Lẹ́yìn tó lọ tán, ọkùnrin kan gbé àpótí tọ́lẹ́ẹ̀tì ẹ̀ wá, ó tẹ ẹnu ẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ omi mímu yẹn láti fi ṣan án. Láti ọjọ́ yẹn, èmi náà ń fọ́n apakòkòrò.

Omi ìdọ̀tí, ihò tí wọ́n gbẹ́ sílẹ̀ fún un lẹ máa wa ọkọ̀ lé lórí, ẹ ó sì ṣí i. Ẹ má ṣe jẹ́ kó máa kán lójú títì.

Tọ́lẹ́ẹ̀tì

Kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè é, àpótí ike tó ń gba bíi lítà 17 sí 20, ìlẹ̀kùn kékeré wà lára ọkọ̀ níta tẹ́ ẹ máa gbà fà á jáde. Fún èèyàn méjì, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Iná pupa kan máa tàn tó bá ti fẹ́ kún, ẹ má ṣe bá iná yẹn jiyàn. A bá a jiyàn lẹ́ẹ̀kan, nítorí òjò ń rọ̀, ọkọ mi ní "títí di àárọ̀", mi ò ní sọ èyí tó kù.

Bẹ́ ẹ ṣe máa dà á nìyí: ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ gbé e lọ sí ibi ìdanù, ẹ yí ọrùn ẹ̀ síta, ẹ ṣí ìdérí, ẹ wá fi àtàǹpàkò tẹ bọ́tìnnì atẹ́gùn bẹ́ ẹ ṣe ń dà á. Tẹ́ ẹ ò bá tẹ bọ́tìnnì yẹn, á máa ta pọ̀ọ̀, pọ̀ọ̀ sí yín lára. Ẹ fi omi ṣan án lẹ́ẹ̀mejì, ẹ da oògùn àti omi díẹ̀ sí i, ẹ dá a padà. Gbogbo ẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ní motorhome ń lo tọ́lẹ́ẹ̀tì ilé ìtajà àti ti ilé oúnjẹ lọ́sàn-án kí kásẹ́ẹ̀tì lè pẹ́, kò sí ìtìjú ńbẹ̀.

Iná àti gáàsì

Ibùdó púpọ̀ ní Faransé, ámpìà 6 tàbí 10 ni wọ́n ń tà. Ẹ fi fóltì 230 sọ ámpìà 6 di púpọ̀, wáàtì 1,380 ni. Kẹ́tù ilé ju 2,000 lọ. Mo tan kẹ́tù láàárọ̀ ọjọ́ kejì wa, iná lọ, kì í ṣe tiwa nìkan, ti àwọn tó kù lórí òpó kan náà lọ pẹ̀lú wa, bàbá Faransé kan jáde pẹ̀lú búrẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́, ó ń wò mí. Ẹ ra kẹ́tù kékeré tí kò ju wáàtì 1,000 lọ, tàbí kẹ́ ẹ máa lo ti orí gáàsì. Wáyà iná gígùn, ẹ tú u tán kúrò lórí ìró ẹ̀, tó bá wà ní wíwé, ó ń gbóná, ó lè yọ́.

Tí kò bá sí iná, bátìrì ilé (ó yàtọ̀ sí ti ẹ́ńjìnì) àti sólà lórí òrùlé lẹ máa lò fún gílóòbù, páǹpù omi àti fóònù. Bátìrì oríṣi ti àtijọ́ (lead-acid), ẹ má lò ó kọjá ìdajì, á tètè kú.

Gáàsì ló ń da àwọn èèyàn láàmú jù. Púpọ̀ nínú sílíńdà UK, wọn ò ní pààrọ̀ ẹ̀ fún yín ní Yúróòpù, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló sábà máa ń ní tiẹ̀. Ẹni tó fẹ́ rìn jìnnà, kó ṣe èyí tí wọ́n ń rọ nílé epo, kó sì kó oríṣi ẹnu mẹ́rin tó máa fi so ó dání torí ti Sípéènì ò bá ti Jámánì mu. Nínú oríṣi gáàsì méjì tí wọ́n ń tà, propane ni kẹ́ ẹ lò tó bá jẹ́ ìgbà òtútù, butane kì í jáde mọ́ tí ojú ọjọ́ bá ti tutù dé nǹkan bí òdo (0°C). Ẹ má ṣe tan sítóòfù láti fi yá iná, ẹ má fi aṣọ dí ihò atẹ́gùn nítorí òtútù. Kí ẹ̀rọ tó ń kígbe fún carbon monoxide, èéfín olóró tí kò lóòórùn, wà nínú ọkọ̀, kí bátìrì ẹ̀ sì ṣiṣẹ́.

Dísẹ̀lì, "gazole" ni Faransé ń kọ, "gasóleo A" ni Sípéènì. "Sans plomb" jẹ́ pẹtiróòlù, ẹ má fà á.

Oúnjẹ

Ẹ sè ata gbẹ nílé, láìsí ẹran nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ pín in sínú ọ̀rá kéékèèké kó dì. Ẹ̀wà, ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, kẹ́ ẹ sè é nínú ìkòkò afẹ́fẹ́, gáàsì ò ní tán. Gàrí ò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Irú àti ẹja gbígbẹ, ibùdó gidi nìkan la ti ń sè é, níta, torí tó bá wọ inú tìmùtìmù ọkọ̀, ọ̀sẹ̀ méjì ẹ̀ ṣì ń gbọ́ òórùn ẹ̀.

Tí iṣu bá ń wù yín ní Paris, ẹ má gbé ọkọ̀ wọ àárín ìlú. Ibùdó kan wà ní Bois de Boulogne, ẹ dúró síbẹ̀, kẹ́ ẹ wọ mẹ́tìrò, laini 4 ń dúró ní Château Rouge. Tẹ́ ẹ bá yọ sókè báyìí, iṣu, ata rodo, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, ẹja, àwọn ìyá tó ń ta nǹkan lẹ́bàá ọ̀nà, á dà bíi pé ẹ wà ní Ìlú Èkó tó ń sọ Faransé. Ní Brussels, Matonge ni.

Sọ́ọ̀bù ní Jámánì kì í ṣí lọ́jọ́ Sunday, ẹ rajà ní Satide. Aṣọ fífọ̀ rọrùn, ilé ìtajà ńlá púpọ̀ ní Faransé ní ẹ̀rọ ìfọṣọ níta nínú páàkì wọn, ẹ ju aṣọ sí i, ẹ wọlé rajà, ẹ jáde, ó ti mọ́.

Kẹ́ ẹ tó gbéra

Ìbéèrè kan náà la máa ń bi ara wa láàárọ̀, sókè ketekete, ẹnì kan ń pè, ẹnì kejì ń fọwọ́ kàn án: fèrèsé òrùlé? Gáàsì? Wáyà iná? Àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà? Ilẹ̀kùn fríìjì? Ìkòkò lórí sítóòfù? Tí ẹnì kan bá bá wa sọ̀rọ̀ láàárín, a máa tún un bẹ̀rẹ̀ látòkè, torí ọjọ́ tí bàbá kan wá kí wa pé ó dàbọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ Bordeaux, ibi tá a dé nínú ìbéèrè yẹn la gbàgbé, a fi àtẹ̀gùn gbá òkúta etí títì, 180 yúrò ló gbà.

Lẹ́yìn náà, ọkọ mi á wa ọkọ̀ síwájú bíi mítà mẹ́wàá, á dúró, èmi á sọ̀ kalẹ̀ wo ibi tá a ti kúrò. Mo ti he òkè ike táyà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ṣíbí, orí rọ́bà omi, àti sálúbàtà ẹsẹ̀ òsì Dádì, tí ẹni tó ni ín ń bi mí láti ojú fèrèsé pé kí ni mò ń wá ná.